Àgádágodo Ọ̀gá Òkè

Ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná ní orúkọ àti ìtumọ̀ àwọn ohun èlò iṣẹ́ wọn ni ọkùnrin kan já wọ kíláàsì mi. Ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀. Ó jókòó sí iwájú, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni pé èmi ni mo pẹ́ dé.

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Ẹ̀rín náà dára, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nìyí?" mo bi í.

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Orí òpó ni mo wà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Òkè ni wọ́n ń pè é, torí ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń gun òpó iná. Ilé iṣẹ́ wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé ẹni tí kò bá yege nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ní gun òpó mọ́. Bó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn, mo sì pinnu láti fi ojú rẹ̀ rí màbo.

"Ó dáa. Kí ni ìyàtọ̀ bíríkà àti áísólétọ̀?"

Kò tiẹ̀ wo ìwé. "Tíṣà, bíríkà ló lágbára láti gé iná tó ń ṣàn lọ́wọ́. Áísólétọ̀ ò lè ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fi gé iná tó ń ṣàn, ẹ máa rí ààrá lọ́sàn-án gangan! Bíríkà la máa kọ́kọ́ fi gé e, ká tó wá ṣí áísólétọ̀, kí ojú wa lè rí i pé wáyà ti kúrò lára wáyà lóòótọ́."

Ìtumọ̀ tí mo kọ sára pátákó gba ìlà mẹ́fà, kò sì dùn tó tirẹ̀. Mo nu tèmi, mo kọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Oṣù kan kò pé tí a fi kúrò lórí "ẹ" tí a bọ́ sórí "ìwọ". Ó ń dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì, a ó jọ rìn lọ sílé, ẹ̀rín kò sì ní tán lẹ́nu wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kan, mo ní kó ka iṣẹ́ tí mo kọ́ wọn fún mi.

"Fóltéèjì ni agbára tó ń ti iná," ó ní. "Kọ́rẹ́ǹtì ni iná tó ń ṣàn gan-an. Rẹsísítáǹsì ni bàbá ẹ."

"Bàbá tèmi?"

"Ohun tó ń dí iná lọ́nà kọ́ lo pè é ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Bàbá mi, tó dá tọ́ mi dàgbà, lo ọgbọ̀n ọdún ní ibùdó tiransifọ́mà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti bá ọ̀pọ̀ ìyàwó òṣìṣẹ́ tí iná pa sunkún.

"Àwọn tó ń gun òpó ò gbọ́ràn," ó ní nígbà tí mo sọ̀rọ̀ Ọ̀gá Òkè fún un. "Wọ́n á ní àwọn mọ̀ ọ́n. Mi ò bímọ fún ẹni tó máa sọ ọ́ di opó."

Mi ò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún Ọ̀gá Òkè. "Olólùfẹ́ mi, bí bàbá mi bá ní rárá, rárá náà nìyẹn."

"Màá wá rí wọn ní Sátidé," ó dáhùn.

Ní Sátidé náà, kò síná ládùúgbò wa láti àárọ̀. Ọ̀gá Òkè dé nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó kí bàbá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá kò tiẹ̀ jẹ́ kó mumi.

"Kí ni wáyà ilẹ̀ wà fún?"

"Bàbá, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì dá iná padà nígbà tá a wà lórí òpó, wáyà ilẹ̀ ló máa gbé e wọlẹ̀, kó má baà gba ara wa kọjá."

Bàbá fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn! Ìbéèrè mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé e, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀. Bàbá wá fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀.

"Agogo méjì ló yẹ kí wọ́n dá iná padà. Mẹ́ta ti kọjá. Òṣìṣẹ́ wo ló ń ṣe irú èyí?"

Ọ̀gá Òkè ki ọwọ́ bọ àpò kó lè yọ áńkáṣíìfù. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ló bá pàdé níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ ni. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fẹ́ gun òpó á kọ́kọ́ fi àgádágodo tirẹ̀ ti ọwọ́ áísólétọ̀ tí wọ́n ṣí, á sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Bí àgádágodo kan ṣoṣo bá ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá iná padà. Ọ̀gá Òkè ti parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ pé ó ń bọ̀ wá sílé wa kò jẹ́ kó rántí ṣí tirẹ̀.

Mo ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Ó rí mi. Ó dìde.

"Bàbá, èmi ni òṣìṣẹ́ náà. Mo gbàgbé àgádágodo mi síbẹ̀."

"Wọn ò pè ọ́?"

"Mo pa fóònù mi, sà, kí n lè bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa."

"Ní kí wọ́n fi ayùn gé e!" mo pariwo.

"Rárá, Tíṣà mi. Bí wọ́n bá gé tòní, wọ́n á gé tọ̀la, ẹni tó ni ín lè ṣì wà lórí òpó." Ó yíjú sí bàbá mi. "Ẹ lè ní rárá, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n lọ ṣí i."

Ó sáré jáde. Mo bú sẹ́kún.

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ìwọ tíṣà lo ń ṣẹ́jú pé kó purọ́," ó ní.

"Ẹ dárí jì mí, bàbá mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ni."

"Mo mọ àwọn tó gbàgbé bíi tiẹ̀, tí wọ́n ní àwọn kọ́. Ẹ̀mí ẹlòmíì ká eléyìí lára ju ìtìjú ẹ̀ lọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Irú ẹ̀ ló máa ń darúgbó."

Kò pẹ́ tí fáànù fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí àwọn ará àdúgbò sì hó yèè. Nígbà tí Ọ̀gá Òkè padà dé, òógùn ti ba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.

"Wọlé, jókòó," bàbá mi sọ fún un. "Ọjọ́ wo làwọn òbí ẹ máa ráyè wá rí mi?"

Mi ò dúró gbọ́ ọjọ́ tó dá. Mo ti fò mọ́ ọn lọ́rùn, lójú bàbá mi.