Bàtà Tó Kọjú Sínú Ilé

Òótọ́ ni mò ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bọ́ bàtà tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé náà wò.

Ilé àtijọ́ ni, ní abúlé orí òkè kan ní Japan, koríko ni wọ́n fi bò ó. Àwọn ará ìlú ń sanwó wá wò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Tazue sí, kó tó di ará ìlú ńlá Ọ̀sákà. Ọ̀sán ọjọ́ tó padà wá, yìnyín ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, òun náà sì sanwó wọlé bí àlejò. Ó dùn ún wọra.

Baba Kanekichi, tó ń tọ́jú iná ilé náà, rí i. "Tazue! Àṣé ìwọ náà ti darúgbó?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, Baba? Ṣé ọmọdé lẹ ṣì jẹ́ ni?"

Wọ́n jókòó ti iná àárín ilé. Baba ní ọ̀la lòun ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun, orúnkún ò gbà mọ́. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbaṣẹ́ náà.

"Bí iná bá wá kú ńkọ́?"

"Èéfín ló ń lé kòkòrò kúrò lára koríko. Bí iná bá kú, òrùlé á jẹrà. Ilé á wó."

Tazue fẹ́ sọ pé òun á dúró. Ṣùgbọ́n ta ló tún kà á sí ọmọ ilé?

Baba rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o rántí ohun tí ìyá àgbà rẹ máa ń ṣe sí bàtà àlejò kí wọ́n tó kú?"

"Wọ́n máa ń yí i kọjú síta, kí àlejò lè rí i wọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọn kì í fọwọ́ kan tiwa. Wọ́n ní ọmọ ilé ò lọ síbì kan."

"Wọ́n ṣì ń yí i."

"Ta ni?"

Baba fi igi síná.

Nígbà náà ni ìró kan dún lẹ́nu ọ̀nà. Ṣìì. Ṣìì. Bí ẹsẹ̀ arúgbó lórí pákó. Ó dákẹ́.

Tazue sáré jáde. Kò sẹ́nìkan. Kò sí ojú ẹsẹ̀ nínú yìnyín. Bàtà tọkọtaya àlejò kan tó ń wo ilé lókè àjà ti kọjú síta. Ti Baba, tí wọn kì í yí láti ọjọ́ yìí wá, náà kọjú síta.

"Họ́wù," ni Baba wí. "Wọ́n ti mọ̀ pé mò ń lọ." Ó tẹrí ba fún ẹnu ọ̀nà òfìfo.

Ti Tazue nìkan ló kọjú sínú. Ó gbé e. Yìnyín ti kúrò lára bàtà náà. Inú rẹ̀ gbẹ, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rín sì tẹ̀lé e.

"Baba, ẹ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to igi yẹn."

Títí dòní, èéfín ń jáde nínú òrùlé koríko náà. Bí ìró yẹn bá dún, Tazue kì í wo ẹ̀yìn. Igi ló ń fi síná.