Ìwé Pupa Tí Kò Dé Ọwọ́ Bàbá

Kọ́, kọ́, kọ́. Òòlù ọ̀gá ayẹ̀wò ọkọ̀ ń dún lábẹ́ ọkọ̀ kan bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Inú kòtò onísímẹ́ǹtì ni ọkùnrin náà dúró sí, iná lọ́wọ́ òsì, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan lóṣòó sétí kòtò, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Sípánà ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é, torí láti kékeré ló ti ń na irinṣẹ́ sí i lábẹ́ ọkọ̀.

Ọkọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ọkọ̀ asáré oníjókòó méjì ni, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀, ó sì fi ogún ọdún ju Sípánà lọ. Bàbá rẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì, ló rà á nígbà tó ti di àkúfọ́, tó sì fi ọdún mọ́kànlá tún un ṣe. Arẹwà ló sọ ọ́. Ọdọọdún ló máa ń wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tuntun kó tó wà á lọ fún àyẹ̀wò ìjọba, ọdọọdún ló sì ń yege. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọkàn bàbá ń ṣàìsàn. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìbànújẹ́ dé bá a. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé Arẹwà wá, Sípánà ló tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá ayẹ̀wò gòkè bọ̀, ó ń nu ọwọ́.

"Ẹ́ńjìnnì dáa, iná dáa, táyà dáa. Bí mo ṣe máa ń bá ọ̀pọ̀ irú wọn nìyẹn: òkè á máa dán gbinrin, ìsàlẹ̀ á ti jẹrà. Ọkọ̀ tó bá ń fi gbogbo ọdún sùn, ìpẹtà ló ń bá sùn. Wò ó." Ó tan iná sí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé epo bíréèkì lọ sẹ́yìn, ó fi èékánná ha á. Irin ń ṣí bí èèpo igi gbígbẹ. "Bí èèyàn bá tẹ bíréèkì yìí lẹ́ẹ̀kan, ó lè dúró. Lẹ́ẹ̀kejì, ó lè dúró. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ọlọ́run ló mọ̀. Kò yege. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wà á títí wọ́n á fi pààrọ̀ páìpù. Bàbá rẹ dà?"

"Ara wọn ò yá, sà. Ẹ fún mi níwèé náà, màá fún wọn."

Ọkùnrin náà wò ó díẹ̀ kó tó fún un ní ìwé pupa tí wọ́n ń fún ọkọ̀ tó bá kùnà. "Fún wọn lónìí o. Má jẹ́ kó dọ̀la."

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé òun àti Arẹwà padà délé, ojú fèrèsé ni bàbá jókòó sí. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, èyí tí kò ṣe láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Sípánà! Arẹwà, ìyàwó mi kékeré ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná: "Ìyàwó tí kì í sebẹ̀, tí kì í fọṣọ, òun lẹ ń béèrè!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ló kó Sípánà síṣòro. Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀rín yìí tí á fi ìwé pupa pa á?

"Ó yege, bàámi," ló ní. "Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Wọ́n ní ká padà wá gbàwé rẹ̀."

Inú bàbá dùn débi pé ó jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Sípánà ki ìwé náà sáàárín ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, 'Ta ló fẹ́ wà á? Tí mo bá ti parí ìdánwò àṣekágbá, màá wá mẹkáníìkì, màá sì jẹ́wọ́.' Ẹ̀ẹ̀mejì ló la ẹnu láti sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ló pa á dé. Irọ́ dà bí àlejò: ọjọ́ tó wọlé ló rọrùn láti lé e.

Ọjọ́ tí wọ́n parí ìdánwò, ara bàbá le, ó sì gbójú fo oṣù mẹ́ta tí dókítà sọ. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Ó rò ó pé ọmọ òun ń jáde ìwé lónìí, ilé ìwé kò jìnnà, ọkọ̀ sì ti yege. Òun á fi Arẹwà gbé e wálé.

Sípánà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jáde lẹ́nu géètì nígbà tó gbọ́ fèrè kan tó dá mọ̀. Ó wo òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà. Arẹwà ló ń bọ̀, òrùlé rẹ̀ ṣí, bàbá sì na ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́ sí i. Lójijì, ó fa ọwọ́ náà padà. Ọkọ̀ kò rọra. Ṣe ni eré rẹ̀ ń le sí i.

"Bàámi! Bàámi!"

Àwọn ọmọ ilé ìwé kún ojú títì. Bàbá yí ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì yí i sí ògiri òkúta ilé ìwé.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn. "Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́," ló ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n mà yẹ̀ ẹ́ wò." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn kó tó dágbére fáyé.

Ní ọjọ́ kẹjọ ikú rẹ̀, ọ̀gá ayẹ̀wò wá kí wọn. Bí ìyá Sípánà ti mọ ẹni tó jẹ́, ó dìde fùú.

"Ìwọ ni! Ìwọ lo ní kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀! Báwo loorun ṣe ń kùn ọ́?"

Àbúrò bàbá gbá ọkùnrin náà lọ́rùn ẹ̀wù mú. Ọ̀gá ayẹ̀wò ya ẹnu láti fèsì. Ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Sípánà, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó tẹrí ba. "Ẹ kú àràfẹ́rakù, mà."

Sípánà mọ̀ pé tí òun bá dákẹ́, ó ti parí nìyẹn. Ẹni ẹlẹ́ni á ru ẹrù òun lọ. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó bọ́ síwájú.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ló ní. "Wọ́n sọ pé kò yege. Wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má wà á. Èmi ni mo tọ́jú ìwé náà pamọ́. Èmi ni mo purọ́ fún bàámi."

Ọwọ́ àbúrò bàbá bọ́ lọ́rùn ẹ̀wù. Ìyá rẹ̀ kò pariwo, kò sì gbá a létí. Ó rọra jókòó sílẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Mi ò fẹ́ kínú wọn bàjẹ́, màámi. Dókítà ní—"

"Inú rẹ̀ ì bá bàjẹ́," ìyá rẹ̀ ní. "Fún ọjọ́ kan. Tó bá pẹ́ jù, ọjọ́ méjì. Á kùn, á rojọ́, lẹ́yìn náà á ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì. Mo mọ ọkọ mi. Ọjọ́ kan péré ni o, ọmọ mi. Ìbànújẹ́ ọjọ́ kan lo ní o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Nígbà tó yá, ìyá náà dárí jì í tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í jí òkú. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹni, òótọ́ ni kó bá a sọ, bó ti wù kó korò tó, kó sì sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè wúlò fún un. Òótọ́ tí Sípánà ì bá sọ fún bàbá rẹ̀ lójú fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ibojì rẹ̀ ló ti padà lọ sọ ọ́ fún un, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.