Ìkòkò Abẹ́ Aṣọ Tútù

Káyọ̀dé jẹun ọ̀sán tán, ó sùn, kò sì jí mọ́. Ara rẹ̀ kò gbóná, ejò kò sì bù ú jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni.

Nígbà òjò ọdún yẹn kan náà, kòkó oko wọn tó wà lọ́nà Agbabu rà dúdú lórí igi, oyún tó wà nínú Adékẹ́mi, ìyá ọmọ náà, sì wálẹ̀. Ibẹ̀ ni ará Odigbo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Oyin, arúgbó tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn ilé.

"Ìyá yín ni, Bàbá Káyọ̀dé," ni Adékẹ́mi wí fún Ọláyídé, ọkọ rẹ̀. "Ní ìdájí, wọ́n á bu omi wọ inú àtíbàbà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìkòkò ni."

"Ìkòkò wo ló ń gbọ́ èdè Ìkálẹ̀? Glory aládùúgbò wa ní inú ìkòkò làwọn àjẹ́ ń tọ́jú ẹyẹ wọn sí."

"Glory tó ń bu omi la ọbẹ̀ tó ń tà fáwọn ọlọ́kọ̀ ní Ore ló wá mọ̀ nípa àjẹ́!"

Ọláyídé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun kò kùn ún mọ́. Nígbà tó di ìdájí, ó yọ́ tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Òwìwí kan ké lórí ọ̀pẹ. Arúgbó náà kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹyẹ náà kò fò. Láti inú àtíbàbà ni Ọláyídé ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mu díẹ̀ sí i. Má tíì gbẹ. Òjò máa dá láìpẹ́."

Ọláyídé já wọlé. "Kí lẹ ń fún lómi?"

"Rọra, ọmọ mi, kò tíì wọ iná—"

"Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí lẹ jẹ!"

Ó ti ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ó ká aṣọ tútù kúrò, ó gbé ìkòkò abẹ́ rẹ̀ sókè, ó sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Kò dún bí ìkòkò ṣe ń dún. Ó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀bà tó já bọ́. Kò sí ẹyẹ kankan nínú rẹ̀.

Adékẹ́mi sáré dé, ó tan iná fóònù sí i. Lára amọ̀ náà, ojú ìka kéékèèké méjì ló kù.

"Àárọ̀ ọjọ́ tó kú ni Káyọ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́," ni Màmá Oyin wí láti ilẹ̀ tó ṣubú sí. "Mo tiẹ̀ bá a wí. Bí mo bá sun ún nínú òjò, ó máa bẹ́. Bó bá yára gbẹ, ó máa sán. Mo ní kó dúró de ọyẹ́. N kò fẹ́ fi hàn yín kó tún wá bẹ́ mọ́ yín lójú."

Adékẹ́mi kúnlẹ̀, ó fi aṣọ tútù náà bo ojú ìka méjì yẹn. Ọláyídé fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ dìde, ṣùgbọ́n ojú tì í, ó sì fa ọwọ́ tó nà sí i padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Glory dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kadà tó máa gbé e lọ sí Ore ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Káyọ̀dé, wọ́n ní ẹ ti fọ́ ìkòkò náà. Ṣé ẹ rí ẹyẹ náà?"

Ọláyídé di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Amọ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ tẹ̀ ti gbẹ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Omi wà nínú garawa lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fọ̀ ọ́ dànù.