Ẹ̀kúnwọ́ Kan Láti Ìsàlẹ̀ Àpò

"Àǹtí, ẹ má wo ojú mi. Ẹ máa ṣa ewé yín lọ."

Ohun tí Siok-hun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, sọ fún mi nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje tíì. Mo ń ṣa igi kúrò lára ewé. Jẹ́jẹ́ ni mo ń sọ ọ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ọ̀gá Kho ṣì ń gbé lórí òkè wa níbí.

Kho ló ń ra tíì gbogbo wa. Ṣáájú ọjọ́ ìdíje yẹn, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò tíì rẹ̀, níbi tí eruku àti èérún máa ń sọ̀ sí. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Siok-hun, ṣé tíì lẹ gbìn ni, àbí ilẹ̀ lẹ gbá?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Owó pọ́ọ́kú ló fi kó o lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó láàárín ẹgbẹ́ mọ́.

Nílé ìwé ni Siok-hun ti rí ìdí ẹ̀. Tíṣà kọ́ wọn pé gbogbo nǹkan tí a fẹ́ mọ̀ ni àpapọ̀, ìwọ̀nba tí a bù yẹ̀ wò ni àpẹẹrẹ. Tí àpẹẹrẹ yóò bá sọ òótọ́, kí ewé kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sọ́wọ́ ẹni. A kì í tọ́ ọbẹ̀ wò láìtíì rò ó. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ní ohun tí Kho fi ṣe bàbá òun, òun á fi ṣe é padà.

Ọmọ iléèwé ló máa ń bu tíì fún àwọn adájọ́ lọ́dọ̀ wa, torí ọwọ́ ọmọdé kì í ṣègbè. Siok-hun ni wọ́n mú, Kho náà sì gbé àpò tíì kan wá díje. Mo rọ̀ ọ́ pé bó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn.

"Ẹ jẹ́ ó jìn, Àǹtí. Kho sanra."

Wọ́n ní kó po àpò pọ̀ kó tó bù ú. Kò pò ó. Ó ti apá bọ àpò Kho títí dé ìgúnpá, ó bu eruku. Adájọ́ kan fẹnu kàn án, ó tu ú dànù. Ó béèrè pé bí ti ọ̀gá oníṣòwò bá rí báyìí, kí ni ti àwọn yòókù máa jọ? Àwọn tó wá rajà kúrò lórí òkè wa láìtọ́ tíì ẹnikẹ́ni wò.

Inú Siok-hun ń dùn. Ìgbà náà ni wọ́n da àpò Kho sórí ẹní. Odidi ewé ló wà lókè, ó ń ta sánsán. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Tèmi nìyí," ó wí.

Kho wolẹ̀. Tíì tó pè ní ilẹ̀ gbígbá ló fẹ́ fi gba ipò kìíní.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi pariwo. Ó wò mí. "Kí n wá pe tíì tí wọ́n tu dànù ní tèmi?"

Siok-hun ń wo eruku tó há sí i léèékánná. Ká ní ó po àpò náà pọ̀ ni, ojú Kho ni tíì bàbá rẹ̀ ì bá ti gba ipò kìíní, bàbá rẹ̀ ì bá dá a mọ̀, ojú gbogbo ayé ni wọn ì bá sì ti mọ ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Òkè àpò ni ẹ̀san rẹ̀ wà, ó lọ ń wá a nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ojúkòkòrò ló darí ọwọ́ Kho, ìbínú ló darí ti Siok-hun. Irọ́ kan náà ni ọwọ́ méjèèjì bù.

Siok-hun ti ní kí bàbá òun gbé àpò tirẹ̀ lọ síbi ìdíje tó ń bọ̀, kí wọ́n pò ó dáadáa níṣojú Kho. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣa ewé náà.