Má Jẹ́ Kí Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Gbẹ Sí Ọ Lára

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 2025, Fọláwùmí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú. Ó sún sọ́tùn-ún, ó tún sún sósì. Nígbà tí wọ́n dé Ìtóìkín, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í pé, "Àbúrò, ṣé èèrà lo jókòó lé ni?"

Kì í ṣe èèrà. Ojú ara rẹ̀ ló ń yún un. Ó ti ń yún un láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìkirè ni Fọláwùmí. Ó gba yàrá kan ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Wọ́n lè dá a dúró nígbàkígbà. Ilé ìtura kan létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ló ń wá obìnrin tí yóò máa ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kí omi má baà gbé wọn lọ. Iṣẹ́ olóṣù ni, yàrá sì wà níbẹ̀. Ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan: wọn yóò lúwẹ̀ẹ́ dé ìdí òpó kan nínú ọ̀sà, wọn yóò sì padà.

Agnes, ọmọ apẹja láti etíkun Òǹdó, tó ń gbé abúlé kan lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ló ń kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Kò sí ibi ìpààrọ̀ aṣọ níbẹ̀, ojú sì ń ti Fọláwùmí láti bọ́ra létí omi.

"Ẹ̀yin ará òkè! Ta ló ń wò ẹ́?" ni Agnes máa ń wí. "Jẹ́ kó gbẹ sí ẹ lára. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ń ṣe."

Fọláwùmí á wá wọ jíìnsì lé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tútù, á jókòó bẹ́ẹ̀ títí dé Ìkòròdú.

Nílé, Kúlúsúmù, Ìyá Mujeeb, àgbà obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, rí i bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí ló ń lé ẹ kiri? Jókòó."

"Mi ò lè jókòó, Ìyá Mujeeb." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ṣàlàyé.

"Háà! Ọkùnrin wo nìyẹn?"

"Kò sí ọkùnrin kankan, mà."

"A jẹ́ pé ilé ìyàgbẹ́ wa yìí ni. Tọ́lẹ́ẹ̀tì infẹ́ṣọ̀n. Po álọ́ọ̀mù mọ́ omi gbígbóná, kó o fi fọ inú rẹ̀ dáadáa. Kó o sì lo kápúsù pupa àti yẹ́lò. Wàá gbàgbé pé ó ṣe ẹ́ rí."

Ó fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó fọ̀ ọ́ lálẹ́. Ó lo kápúsù. Níbi iṣẹ́, ó ń ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, títí tí ọ̀gá rẹ̀ fi pariwo pé, "Fọláwùmí, ijó ni àbí iṣẹ́?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ibẹ̀ ti wú, ó ti bó, ìtọ̀ sì ń ta á.

Ní ọjọ́ ìdánwò, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi yí padà. Omi ọ̀sà ń ta ojú egbò náà bí ata. Agnes sáré bá a.

"Kí ló dé? O mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ!"

Fọláwùmí sunkún, ó sọ ọ́. Agnes mú un lọ sí ilé ìlera. Nọ́ọ̀sì Oríyọmí gbọ́ gbogbo rẹ̀, látorí jíìnsì dé orí kápúsù àti álọ́ọ̀mù, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ṣe àyẹ̀wò.

"Yíìsì ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kò ti ilé ìyàgbẹ́ wá, kì í sì í ṣe ìṣekúṣe. Kòkòrò tíntín tí ojú ò lè rí ni, ó máa ń wà lára ọ̀pọ̀ obìnrin láì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ibi tó móoru, tó lómi, tí atẹ́gùn ò dé ló ti ń pọ̀ sí i. Kápúsù yẹn ń pa kòkòrò rere tó yẹ kó kápá rẹ̀. Álọ́ọ̀mù ló wá bó ẹ lára."

"Nọ́ọ̀sì, àwa náà ń jẹ́ kí aṣọ gbẹ sí wa lára," ni Agnes wí.

"Ìró lẹ̀ ń ró nínú ọkọ̀ ojú omi, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ. Náílọ́ọ̀nù tó fún mọ́ra lábẹ́ jíìnsì kì í gbẹ bọ̀rọ̀."

Fọláwùmí yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ṣé kí n má lúwẹ̀ẹ́ mọ́ ni, mà?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lo òògùn tí mo máa fún ẹ, kí egbò yìí jinná ná. Ká ní o tètè wá, tó ò sì fi álọ́ọ̀mù kàn án, ó ṣeé ṣe kó o lúwẹ̀ẹ́ lónìí."

Ẹ̀yin obìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń sáré tàbí tó ń ṣe eré ìdárayá, yíìsì kò ní kẹ́ ẹ jókòó sílé bí ara yín bá ti lè gbà á. Kì í ran ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú omi. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kíákíá, ẹ nura gbẹ, ẹ wọ pátá òwú tí kò fún. Bẹ́ ẹ bá làágùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ibi ìpààrọ̀ aṣọ kò bá sí, ẹ mú ìró ńlá dání, kí ẹnì kan nà án bò yín. Òògùn tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kì sínú ojú ara, lẹ́yìn ìlúwẹ̀ẹ́ ni, kẹ́ ẹ tó sùn.

Ẹ má fọ inú ojú ara, ì báà ṣe álọ́ọ̀mù, ì báà ṣe ọṣẹ. Ẹ má ra kápúsù fúnra yín. Bó bá ń rùn, bí inú bá ń run yín nísàlẹ̀, bẹ́ ẹ bá lóyún, tàbí tó ń padà wá ṣáá, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Nígbà mìíràn ìtọ̀ ṣúgà ló ń fà á.

Ara Fọláwùmí ti yá. Ẹlòmíràn ni ilé ìtura náà gbà. Iṣẹ́ olóṣù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yàrá sì bá a lọ.