Ọwọ́ Tó Ń Tú Nọ́ọ̀tì

Mi ò mutí, ojú mi kò sì ṣe bàìbàì. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí, nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, mi ò ní bá a jà.

Ṣéènì ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni mo máa ń pọ́n. Ọkọ mi ló ń gé igi. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, "Alágídí" ló sì ń pè mí, torí bó bá ní kí n lọ sọ́tùn-ún, òsì ni mo ń lọ. Ó ti kú báyìí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, mi ò ní purọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi gbé ṣéènì rẹ̀ wá. Igi ńlá kan ti tẹ̀ sórí òrùlé ilé opó kan, òun ni yóò gé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí eyín ṣéènì kò bá rí bó ṣe yẹ, ayùn lè ta padà lu ẹni tó dì í mú.

"Pọ́n ọn dáadáa o, ìyàwó mi."

"Ṣé mo fẹ́ di opó kejì ni?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kò dénú.

Ó lọ wẹ̀. Mo yí ẹnu máṣíìnì tí mo fi ń pọ́n ṣéènì sí àmì ọgbọ̀n, bí a ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ igi, kí eyín lè dagun bó ṣe yẹ. Mo de nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin. Mo yíjú mú awò ojú mi. Nígbà tí mo padà, ó ti wà ní márùndínlọ́gbọ̀n.

Mo rò pé mi ò dè é dáadáa ni. Mo dá a padà, mo dè é títí ọwọ́ fi ń ro mí. Mo yíjú. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Nǹkan ró lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Márùndínlọ́gbọ̀n.

Mo kọjú sí ọ̀nà balùwẹ̀.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ̀yin lẹ wọ ibí?"

"Ọṣẹ ṣì wà lójú mi!" ló pariwo láti balùwẹ̀.

Mo tún na ọwọ́ sí nọ́ọ̀tì náà. Mo fi gbogbo agbára yí i, kò mì. Ó sì lọ́wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò. Omijé bọ́ lójú mi.

"Ó dáa, sà," mo wí. "Mo ti gbọ́."

Mo pọ́n eyín ọ̀tún. Nígbà tó kan ti òsì, nọ́ọ̀tì náà tú wẹ́rẹ́, mo yí ẹnu máṣíìnì sí márùndínlọ́gbọ̀n ti apá kejì, mo sì pọ́n wọn bákan náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkọ mi dé láìfarapa. Ó ní inú igi náà ti gbẹ, ó le bí irin. Ayùn ẹni tí wọ́n jọ gé e ta padà, ó já fìlà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tòun wọlé bí ọ̀bẹ tó ń gé ọṣẹ. Márùndínlọ́gbọ̀n ni bàbá mi máa ń lò fún irú igi líle bẹ́ẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé igi náà le?" ọkọ mi bi mí.

Mo dì mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà, máṣíìnì kò yí fúnra rẹ̀ mọ́. Ibi tí mo bá fi í sí ló ń wà. Kí n má tàn yín, inú mi kò dùn sí i. Nítorí náà, bí àwọn oníbàárà bá ti lọ tán, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí i sódì, síbi tí bàbá mi kò ní lè gbójú fò. Màá wá kẹ̀yìn sí i. Màá dúró.