Àga Tí Wọ́n Fẹ́ Gbé Fọ́tò Sí

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Ọ̀sán Sátidé ni èmi tó gbọ́.

Màmá mi ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé iná ti dé. Ó ní nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìgbàrà-Òkè, àwọn ẹbí Kìtán, olólùfẹ́ mi, wá láti Oǹdó sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọ̀bà-Ilé, wọ́n sì ti fẹnu kò. Kìtán kò ní lè wá láti ìlú òyìnbó. Fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n máa gbé sórí àga ọkọ ìyàwó, Gbémiga àbúrò rẹ̀ á sì dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna dípò rẹ̀.

"Mo rò pé Kìtán ti sọ fún ẹ, Monílọ́lá. Òun ló kúkú ní kí wọ́n wá."

Mo ní kò sọ nǹkan kan. Màmá mi ní kí n má dójú ti òun o. Ó ka àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ijapo tí wọ́n gbé níyàwó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ ọkọ wọn báyìí. "Ó kéré tán, fọ́tò kì í mutí yó níbi ìgbéyàwó," ló fi kún un. Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Yàbà, nílùú Oǹdó, ni mo ti pàdé Kìtán. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Àǹtí, ẹ jókòó, ká jọ bínú sí rẹfirí." Kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù náà tán, mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó lọ sí Leeds, ibi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, a kò dẹ́kun wíwo bọ́ọ̀lù pọ̀. Tẹlifíṣọ̀n tiwa kì í gbé ìdíje àwọn kìlọ́ọ̀bù Áfíríkà. Tirẹ̀ lọ́hùn-ún ń gbé e. Á pè mí, á gbé fóònù ti ife tíì, á kọjú rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Nínú àwọn ìwé ìtàn tí mo máa ń yá kà, ojú ara wọn ni àwọn olólùfẹ́ máa ń wò. Tẹlifíṣọ̀n Kìtán ni èmi mọ̀ jù.

Ó pè ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà. Kìlọ́ọ̀bù wa nìkan ló kù láti Nàìjíríà, wọ́n sì ti gbá bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n wa kí n tó rí ẹnu sọ̀rọ̀.

"Kìtán, ta ló ní kí wọ́n fi fọ́tò gbé mi níyàwó?"

 

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi ná."

Mo dúró. Ogún ìṣẹ́jú tó kù kí wọ́n sinmi gùn ju ọdún mẹ́ta lọ. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè, mo ní kó yí fóònù sí ojú rẹ̀. Ó ti rù. Ó ní bí òun bá kúrò níbẹ̀ kí ìwé ìgbélùú òun tó pé, wọn kò ní jẹ́ kí òun padà wọlé. Ó ku ọdún méjì.

"Kí ló dé tí o kò bi mí?"

"Mo mọ̀ pé wàá kọ̀. Mo rò pé bí àwọn àgbà bá ti fọwọ́ sí i, kò ní ṣeé kọ̀ fún ẹ mọ́."

Inú bí mi, omi sì lé sójú mi, nítorí mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abala kejì. Kò gbójú kúrò lára mi. Lójijì, ohùn asọ̀rọ̀-bọ́ọ̀lù ya, èrò hó yèè.

"Wọ́n ti gbá a wọlé," ni mo wí. "Wò ó."

"Mi ò wò ó. Sọ̀rọ̀, Lọ́lá."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, màá sì dúró dè ọ́ fún ọdún méjì náà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ fọ́tò. Pe àwọn ará Oǹdó lónìí, sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n má wá."